Ẹ̀rí kan, àlàyé rẹpẹtẹ: ìtàn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń lé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára irin 🧵

1/
Ẹ̀yin tí ẹ ṣe Físíìsì dé SS3, mo mọ̀ pé ẹ ó rántí photoelectric effect. Ìlà mẹ́rin péré ni wọ́n fi ń kọ́ni: ìmọ́lẹ̀ bọ́ sára irin, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fò jáde. Einstein ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1905. Millikan yẹ̀ ẹ́ wò, ó bá a bẹ́ẹ̀. Ó parí. Ẹ há a sórí, ẹ gba máàkì yín, ẹ máa lọ.

2/
Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Láti 1887 títí dé 1986 ni wọ́n fi ń fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Millikan tó yẹ̀ ẹ́ wò gan-an kò gba àlàyé Einstein gbọ́. Àwọn tó fún Einstein ní ẹ̀bùn Nobel náà fọgbọ́n yẹ àlàyé ọ̀hún sílẹ̀. Bí a bá sì tú u wò dáadáa, ohun tí wọ́n ní ó jẹ́ ẹ̀rí fún fótọ́ọ̀nù kò tó ẹ̀rí. Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀.

3/
Ìlú Karlsruhe ní Jámánì la ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dún 1887. Ọ̀gbẹ́ni Heinrich Hertz ń wá ìgbì kan tí James Clerk Maxwell ti fi ìṣirò sọ pé ó wà. Maxwell ní ìgbì iná mànàmáná àti mágínẹ́ẹ̀tì ni ìmọ́lẹ̀ jẹ́. Hertz wá ṣe ẹ̀rọ kan tí iná ń ta pàrà lára rẹ̀, ó gbé wáyà róbótó kan tó ní àlàfo tínńtín síbòmíràn nínú yàrá. Bí ìgbì bá rìn dé ibẹ̀ lóòótọ́, iná kékeré á ta nínú àlàfo yẹn.

4/
Iná náà ta. Maxwell jàre. Ìgbì ni ìmọ́lẹ̀.

Àmọ́ iná kékeré yẹn kéré débi pé Hertz ò rí i dáadáa. Ó bá fi àpótí dúdú bò ó kí ojú rẹ̀ lè ríran. Bó ṣe bò ó báyìí, iná náà tún kúrú sí i. Kí ló kan àpótí nínú ọ̀rọ̀ iná?

5/
Ẹlòmíì á ṣí àpótí kúrò, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Hertz ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń yọ àpótí náà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì rí i pé ẹ̀gbẹ́ tó dí iná kékeré lójú kó má rí iná ńlá ló ń fa wàhálà. Ó fi gíláàsì síbẹ̀: iná ṣì kúrú. Ó fi quartz síbẹ̀: iná padà gùn. Gíláàsì máa ń dí ultraviolet lọ́nà, quartz kì í dí i. Ultraviolet tó ń ti ara iná ńlá wá ló ń ran iná kékeré lọ́wọ́ láti ta.

6/
Ó kọ ọ́ jáde lọ́dún náà, kò fi àlàyé kankan sí i, ó padà sídìí ìgbì rẹ̀. Ó kú ní January 1894, ọmọ ọdún 36.

Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu nìyí: ẹ̀rọ kan náà tó fi hàn pé ìgbì ni ìmọ́lẹ̀ ló tún kọ́kọ́ tọ́ka sí i pé ìgbì nìkan ò ní tó. Yàrá kan náà, ọkùnrin kan náà. Kò sì sẹ́ni tó mọ̀ nígbà yẹn.

7/
Ní 1888, Wilhelm Hallwachs mú síńkì, irú èyí tí wọ́n fi ń bo òrùlé páànù kó má baà dípẹtà. Ó ha á kó mọ́, ó fún un ní iná òdì (negative), ó tan ultraviolet sí i. Iná òdì náà sá lọ. Ó fún un ní iná rere (positive), kò sá. Ó hàn pé nǹkan òdì kan ló ń kúrò lára irin. Lásìkò kan náà, Aleksandr Stoletov ní Moscow rí i pé bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i ni nǹkan tó ń jáde ń pọ̀ sí i. Ní 1899, J. J. Thomson ní Cambridge wọ̀n ọ́n: ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni, èyí tí òun fúnra rẹ̀ kéde ní 1897.

8/
Ẹ wá gbọ́ apá tó le. Bí ìmọ́lẹ̀ bá jẹ́ ìgbì, kí ló yẹ ká rí?

Ẹ ronú sí òkun. Ìgbì kékeré máa ń mi ọkọ̀ ojú omi díẹ̀, ìgbì ńlá a gbé e sọ síbi tó jìn. Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ tó mọ́lẹ̀ gan-an yẹ kó ju ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde pẹ̀lú agbára ńlá, kí ìmọ́lẹ̀ bàìbàì rọra tì í. Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání ni.

9/
Philipp Lenard, tó ti ṣe olùrànlọ́wọ́ Hertz rí ní Bonn, ló yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1902. Inú ìgò tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ jáde ló ti ṣe é. Ó gbé òkè iná mànàmáná kan dí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́nà, ó ń gbé òkè náà ga títí èyí tó yára jù lọ nínú wọn ò fi lè gùn ún mọ́. Ibi tí òkè ga dé ló fi mọ agbára wọn.

10/
Ó yí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó padà, débi pé èyí tó mọ́lẹ̀ jù fi ìlọ́po 1,000 ju èyí tó bàìbàì jù lọ. Iye ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń jáde pọ̀ sí i lóòótọ́. Àmọ́ agbára èyí tó yára jù? Kò kúrò lójú kan. Ìgbà tó pààrọ̀ irú ìmọ́lẹ̀ náà ni agbára tó yí padà.

Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìgbì òkun ga sókè ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún, ọkọ̀ ò yára ju ti àná lọ.

11/
Lenard ní àlàyé, ẹ má sì fi ṣẹ̀sín, nítorí ó dáa. Ó ní agbára ọ̀hún ò ti ọ̀dọ̀ ìmọ́lẹ̀ wá rárá. Inú átọ́ọ̀mù ló ti wà tẹ́lẹ̀. Bíi pańpẹ́ tí ọdẹ dẹ: ẹsẹ̀ òkété kàn tẹ̀ ẹ́ ni, agbára tó fi gbá a mú ti wà nínú pańpẹ́ kí òkété tó dé. Ìmọ́lẹ̀ kàn ń tú pańpẹ́ ni. Irú ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní irú pańpẹ́ tó lè tú.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gba èyí. Ó ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí, kò sì ba ìgbì Maxwell jẹ́.

12/
Ọdún 1905. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 26 kan ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì páténtì ní Bern, ní Switzerland. Kò sí ní yunifásítì kankan. Albert Einstein nìyẹn. Ó ní ẹ jẹ́ ká rò ó pé ìmọ́lẹ̀ ń hùwà bíi hóró-hóró. Hóró kọ̀ọ̀kan ní agbára tirẹ̀, bí ìgbì rẹ̀ bá ṣe ń yára gbọ̀n sí ni agbára hóró náà ṣe ń pọ̀ sí. Nọ́ńbà tó so méjèèjì pọ̀ ni h, tí Max Planck ti mú wá ní 1900 lórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

13/
Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é. Irin jẹ́ ọgbà ayẹyẹ kan, onígéètì wà lẹ́nu ọ̀nà, ₦500 lèèyàn máa san kó tó jáde. Òfin rẹ̀: bébà owó kan ṣoṣo lèèyàn lè mú dání, ẹ ò gbọdọ̀ dá owó jọ.

Bí ẹgbẹ̀rún èèyàn bá mú ₦200 kọ̀ọ̀kan wá, ẹnikẹ́ni ò ní jáde. Bí ẹnì kan bá mú ₦1,000 wá, á jáde, á sì ní ṣéńjì ₦500 lọ́wọ́. Bí èèyàn mẹ́wàá bá mú ₦1,000 wá, àwọn mẹ́wàá á jáde, àmọ́ ṣéńjì ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣì jẹ́ ₦500.

14/
Bébà owó ni hóró ìmọ́lẹ̀. Owó géètì ni agbára tí irin fi di ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mú. Ṣéńjì ni agbára tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gbé jáde. Ẹ̀rí Lenard wọ inú rẹ̀ wẹ́kú.

Einstein tún sọ ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì wọ̀n: bí ẹ bá ya àwòrán agbára náà lòdì sí bí ìgbì ṣe ń yára gbọ̀n, ìlà gbọọrọ ló máa jáde. Irin yòówù kí ẹ lò, bí ìlà náà ṣe dagun tó kò ní yàtọ̀, h ni. Owó géètì nìkan ló máa yàtọ̀ láti irin dé irin.

15/
Ṣé wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un? Rárá o. Wọn ò sì ya òmùgọ̀.

Ẹ wo ojú títì lẹ́yìn òjò, níbi tí pẹtiróòlù bá dà sójú omi. Àwọ̀ bí òṣùmàrè á máa dán níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ta padà lójú epo àti èyí tó ta padà lábẹ́ epo ń pàdé: níbì kan wọ́n ń ti ara wọn lẹ́yìn, níbòmíràn wọ́n ń pa ara wọn rẹ́. Ìgbì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Hóró ìrẹsì méjì kì í pàdé kí wọ́n di òfo. Einstein ò ní èsì sí ìyẹn lọ́dún 1905.

16/
Nítorí náà, oríṣiríṣi àlàyé ló wà lórí àtẹ. Àwọn kan di ti Lenard mú. Arnold Sommerfeld àti Peter Debye ní átọ́ọ̀mù ń kó agbára ìgbì jọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó. O. W. Richardson fi ìṣirò ooru dé ibi ìlà gbọọrọ kan náà láì dárúkọ hóró ìmọ́lẹ̀ rárá. Àgbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn èèyàn yìí ń gbọ́ ẹjọ́ tọ̀tún tòsì ni.

17/
Ní 1913, Planck àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ lẹ́tà pé kí wọ́n mú Einstein wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé Prussia ní Berlin. Wọ́n yìn ín títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bẹ̀bẹ̀ fún un: lédè tiwa, wọ́n ní bó bá tiẹ̀ ta ọfà kọjá ibi tó yẹ nígbà mìíràn, bíi tọ̀rọ̀ hóró ìmọ́lẹ̀ yìí, kí wọ́n má fi ṣe ẹ̀sùn sí i lọ́rùn.

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ìwé rẹ̀ nìyẹn o. Planck tó ni h gan-an ló ń tọrọ àforíjì nítorí rẹ̀.

18/
Robert Millikan wọlé ní Yunifásítì Chicago. Kò fẹ́ràn hóró ìmọ́lẹ̀ rárá, ó sì lo bí ọdún mẹ́wàá lórí iṣẹ́ náà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ojú irin máa ń tètè bàjẹ́ nínú afẹ́fẹ́, bíi ìgbà téèyàn bẹ́ ápù tó sì pọ́n. Irin tó bá ti bàjẹ́ á máa parọ́ owó géètì.

Ó bá kọ́ ṣọ́ọ̀bù kékeré sínú ìgò tí kò ní afẹ́fẹ́. Kẹ̀kẹ́ kan gbé lithium, sodium àti potassium yípo nínú rẹ̀, ọ̀bẹ kan tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì darí láti ìta ń há ojú wọn lọ́tun kó tó tan ìmọ́lẹ̀ sí wọn.

19/
Ìlà gbọọrọ jáde. Tónítóní. Ní 1916 ó tẹ̀ ẹ́ jáde pé h jẹ́ 6.57 × 10⁻³⁴ (mo kọ ọ́ lórí ìwọ̀n òde òní). Èyí tí à ń lò lónìí jẹ́ 6.626 × 10⁻³⁴. Ẹ wò ó bó ṣe sún mọ́ra tó.

Kí ni Millikan wá sọ? Ó ní ìṣirò Einstein tọ́ pátápátá. Nínú ìwé kan náà ló tún ti sọ pé àlàyé tí Einstein fi dé ibẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí kò bìkítà, kò sì ṣeé gbà mọ́.

20/
Èyí ni apá tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà. Ọkùnrin yìí wá èsì tó máa fi bi Einstein ṣubú. Èsì tó rí gbé Einstein ró. Ó kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ bó ṣe rí, kò yọ, kò fi kún un. Síbẹ̀ kò jẹ́ kí nọ́ńbà fi ipá mú òun gba ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ̀ pé ìṣirò lè tọ́ kí àlàyé má tọ́.

21/
Ìbànújẹ́ ibẹ̀ ni pé nígbà tó dàgbà, tí gbogbo ayé ti gba fótọ́ọ̀nù, ó kọ ìtàn ayé ara rẹ̀ ní 1950. Ó wá kọ ọ́ níbẹ̀ bí ẹni pé láti 1915 lòun ti rí i pé àlàyé Einstein nìkan ló ṣeé gbà. Ìwé 1916 ṣì wà nílẹ̀, ohun tó kọ síbẹ̀ yàtọ̀. Iyèméjì rẹ̀ ló buyì kún un jù lójú mi, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́.

22/
Ẹ̀bùn Nobel ńkọ́? Ti ọdún 1921 ni wọ́n fún Einstein, àmọ́ November 1922 ni wọ́n tó kéde rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé nítorí òfin photoelectric effect tó ṣàwárí ni. Òfin, ẹ gbọ́ mi? Ìlà gbọọrọ yẹn. Wọn ò mẹ́nu kan hóró ìmọ́lẹ̀. Millikan gba tirẹ̀ ní 1923. Oṣù December 1922 náà ni Niels Bohr, níbi tó ti ń gba Nobel tirẹ̀, ṣì ń sọ pé hóró ìmọ́lẹ̀ ò lè ṣàlàyé ohun tí ìmọ́lẹ̀ jẹ́.

23/
Ní 1923, Arthur Compton ní St. Louis, Amẹ́ríkà, tan X-ray sára graphite. X-ray tó ta kúrò níbẹ̀ ti pàdánù agbára díẹ̀, gẹ́lẹ́ bíi bọ́ọ̀lù tó gbá bọ́ọ̀lù mìíràn. Bohr ò tíì gbà. Ní 1924, òun, Hendrik Kramers àti John Slater ní bóyá ìṣirò agbára kì í pé lórí ìkọlù kọ̀ọ̀kan, bíi ti ìyá ọlọ́jà tí owó rẹ̀ ń pé lópin oṣù ṣùgbọ́n tí kò pé lórí ọjà kọ̀ọ̀kan.

24/
Walther Bothe àti Hans Geiger yẹ ìwé ọlọ́jà náà wò ní Berlin ní 1925. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan dúró de X-ray tó ta, òmíràn dúró de ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó kọ lù. Bí ìṣirò bá ń pé lórí ọjà kọ̀ọ̀kan, méjèèjì gbọ́dọ̀ dún pọ̀. Wọ́n dún pọ̀. Bohr gbà pé ọ̀rọ̀ parí. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Gilbert Lewis mú orúkọ "photon" wá, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

25/
Lenard tiẹ̀ ńkọ́? Pańpẹ́ rẹ̀ ti kú nínú físíìsì. Ó kórìíra Einstein, ó sì kórìíra àwọn Júù. Láti 1924 ló ti ń gbè sẹ́yìn Hitler ní gbangba, ó sì kọ ìwé alápá mẹ́rin tó pè ní "Físíìsì Jámánì", bí ẹni pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ní ẹ̀yà. Ní 1933, Einstein ò padà sí Jámánì mọ́. Èsì àyẹ̀wò 1902 ṣì tọ́ dòní. Ọwọ́ tó wọn nǹkan dáadáa lè jẹ́ ọwọ́ ẹni burúkú, méjèèjì la gbọ́dọ̀ kọ sínú ìtàn.

26/
Ẹ rò pé ó ti tán, àbí? Ó kù.

Ní 1969, Willis Lamb àti Marlan Scully fi ìṣirò hàn pé ẹ lè fi ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ kó jẹ́ ìgbì Maxwell, kí ẹ sọ irin nìkan di kúáńtọ́ọ̀mù. Géètì á wà, ìlà gbọọrọ á jáde, h á wà níbẹ̀, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan á sì jáde lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa ní SS3 pé ó jẹ́ ẹ̀rí fótọ́ọ̀nù, wọ́n rí i láìsí fótọ́ọ̀nù.

27/
Wọn ò sọ pé kò sí fótọ́ọ̀nù o. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹ̀rí yìí nìkan ò tó dá ẹjọ́ náà. Ẹjọ́ wá ń fẹ́ ẹ̀rí tí ìgbì ò lè ṣe láé. Irú èwo?

Ẹ fi dígí kan tó ń dá ìmọ́lẹ̀ sí méjì. Ìgbì á pín, díẹ̀ á lọ sọ́tùn-ún, díẹ̀ á lọ sósì, ẹ̀rọ méjèèjì á máa dún pọ̀ nígbà mìíràn. Àmọ́ bí hóró kan ṣoṣo ló dé, kò ṣeé là sí méjì. Ọ̀tún á dún tàbí òsì á dún.

28/
Ní 1977, Jeff Kimble, Mario Dagenais àti Leonard Mandel lo átọ́ọ̀mù sodium ní Rochester, Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde níbẹ̀ ń yẹra fún dídún pọ̀, lọ́nà tí ìgbì kankan ò lè gbà ṣe é. Ní 1986, Philippe Grangier, Gérard Roger àti Alain Aspect fi átọ́ọ̀mù calcium ṣe ti dígí náà ní Orsay, ní Faransé. Dídún pọ̀ ṣọ̀wọ́n ju ohun tí ìgbì gbà láàyè lọ. Hóró ni.

29/
Wọ́n wá gba hóró kan náà wọ inú ẹ̀rọ ọlọ́nà méjì tó tún máa ń pàdé, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé, wọ́n ń ka ibi tí wọ́n já sí. Nígbà tí wọ́n kó o jọ, àpẹẹrẹ bíi ti epo ojú omi ló yọ. Ìgbì ni.

Hóró tí kò ṣeé là, tó sì ń hùwà bí ìgbì. Einstein jàre, Maxwell náà jàre, èdè tá a fi ń sọ̀rọ̀ nípa òkúta àti omi ni kò tó. Títí dòní ni àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

30/
Ìdí tí mo fi kọ gbogbo èyí nìyí. Ohun mẹ́ta ló wà nínú ìtàn yìí tí ìwé ilé ìwé pò mọ́ra. Ohun tó ṣẹlẹ̀: ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde. Òfin tó ń tẹ̀ lé: ìlà gbọọrọ. Ohun tó fà á: hóró ìmọ́lẹ̀. Ọdún 1887 la rí àkọ́kọ́, 1916 ni ìkejì fìdí múlẹ̀, ìkẹta gbà tó 1977 kó tó di ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè yẹ̀ sílẹ̀.

31/
Lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbí, lójoojúmọ́ la máa ń rí nọ́ńbà tó tọ́ tí wọ́n so mọ́ ìtàn tí kò tọ́. Ẹni tó bá bi ìtàn náà léèrè, wọ́n á ní ó ń sẹ́ nọ́ńbà. Millikan ò sẹ́ nọ́ńbà. Ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì tún ní kí ẹ fún òun láyè lórí ìtàn rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kéèyàn ṣe méjèèjì pọ̀.

32/
Bí ẹ bá ní àbúrò tó fẹ́ ṣe WAEC, ẹ fi ránṣẹ́ sí i, àmọ́ ẹ sọ fún un pé ìlà mẹ́rin yẹn ni kó kọ sínú ìdánwò o, kó gba máàkì rẹ̀ 😂. Lẹ́yìn náà kó wá jókòó ka èyí.

Èwo nínú àlàyé wọn lẹ bá gbà ká ní ọdún 1910 lẹ gbé ayé? Ẹ má parọ́. Èmi? Pańpẹ́ Lenard ni mi ò bá tẹ̀ lé.